Orí Pẹ́pẹ́yẹ Onífìlà

Atoúnjẹ fi ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ gbé ìpẹ́ àgbàdo kan sókè sí ìmọ́lẹ̀ iná, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó sì jù ú nù. Etí rẹ̀ ti là. Òmíràn dúdú jù. Òmíràn tún rèé, ó rí bí èékánná ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Odidi páálí ló tú dà sórí tábìlì kó tó rí ìwọ̀nba èyí tó ṣeé fojú rí, ó sì ń tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sínú àwo tó kún fún gọ́ọ̀mù funfun. Wàrà ni ẹni tó bá rí fọ́tò tí wọ́n fẹ́ yà yóò pè é. Ṣùgbọ́n bí wàrà gidi bá kan nǹkan yìí, kíá ló ń dà bíi bébà tó bọ́ sómi. Gọ́ọ̀mù nìkan ló lè gbé e ró, òun náà kì í sì í gbé e ró pẹ́.

Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, títo oúnjẹ fún fọ́tò. Ó mọ̀ ọ́n ṣe, kì í sì í fi ṣe fáàrí. Onífìlà, oúnjẹ inú páálí náà fúnra rẹ̀, ni kò bọ̀wọ̀ fún. Ta ni yóò bọ̀wọ̀ fún un tó bá mọ ibi tí wọ́n ti gbé e wá? Oúnjẹ pẹ́pẹ́yẹ ni. Ilé iṣẹ́ tó ń lọ àgbàdo ló ń kó èérún ilẹ̀ sínú àpò, wọ́n á ya pẹ́pẹ́yẹ sára àpò náà kí ẹni tó rà á má baà gbé e fún ọmọ rẹ̀ jẹ. Nígbà tí ọjà kò yá mọ́, ẹnìkan tẹ èérún náà pẹlẹbẹ, ó yan án, ó da ṣúgà bò ó, ó sì dé fìlà fún pẹ́pẹ́yẹ ara àpò. Ó parí! Ohun tí ẹyẹ ń jẹ lánàá di oúnjẹ àárọ̀ ọmọ ènìyàn. Nígbà tó yá, wọ́n fún pẹ́pẹ́yẹ ní jígí ojú. Lẹ́yìn náà, wọ́n fún un ní eyín. Pẹ́pẹ́yẹ, eyín! Ẹnikẹ́ni kò sì bi wọ́n pé kí ló fẹ́ fi jẹ.

Bàbá Atoúnjẹ jókòó sórí àga lẹ́bàá ògiri, ó fọwọ́ lé orúnkún. Òun ni Onífìlà àkọ́kọ́ tó fẹsẹ̀ rìn. Láti ìgbà tí Atoúnjẹ ti wà ní kékeré ni bàbá náà ti ń wọ aṣọ oníìyẹ́ àti orí pẹ́pẹ́yẹ ràgàjì, tó ń jó níwájú ṣọ́ọ̀bù, tó ń làágùn bí ẹni tí òjò pa, tí àwọn ọmọ ọlọ́mọ ń fa ìrù rẹ̀. Títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sí oníbàárà kan tó rí ojú rẹ̀ rí. Àfi bí ilé iṣẹ́ ṣe ránṣẹ́ sí i pé lára páálí tuntun tí àwọn fẹ́ fi rántí ìbẹ̀rẹ̀ Onífìlà, ojú rẹ̀ gan-an ni yóò wà níbẹ̀. Bàbá ti sọ fún gbogbo àdúgbò. Ó ti fá irùngbọ̀n rẹ̀ kanlẹ̀. Kóòtù tó fi ṣègbéyàwó ló wọ̀ wá.

Mánéjà ìpolówó wọlé, ó gbá orí pẹ́pẹ́yẹ mọ́ abẹ́ apá.

“Bàbá wa! Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ bá wa gbé e wọ̀.”

“Orí yìí?” ni bàbá wí. “Wọ́n ní ojú mi lẹ fẹ́.”

“Ojú yín náà ni, Bàbá. Inú ibẹ̀ ló máa wà. Àwa á mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Inú ibẹ̀ gan-an ló dùn.”

“Ta ló wá máa jókòó sídìí àwo?” Atoúnjẹ bèèrè, kò gbójú sókè.

Mánéjà tún táì rẹ̀ ṣe. “Èmi ni. Ó kàn bọ́ sí i bẹ́ẹ̀ ni.”

“Abájọ tí ẹ fi kun àtíkè.”

Oníkámẹ́rà wúkọ́ kó má baà rẹ́rìn-ín.

Bàbá ti na ọwọ́ méjèèjì láti gba orí náà. Èyí ló bí Atoúnjẹ nínú jù. Ọwọ́ náà kò dúró gbọ́ ohun tí olúwa rẹ̀ fẹ́. Bí wọ́n bá ti na orí pẹ́pẹ́yẹ sí i, yóò gbà á.

“Bàbá mi, ẹ gbé e sílẹ̀.”

“Iṣẹ́ ṣáà ni, ọmọ mi. Má jẹ̀ẹ́ ká fa wàhálà.”

“Ẹ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sílẹ̀.”

Bàbá gbé orí náà kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Atoúnjẹ fi ìpẹ́ tó kẹ́yìn sínú àwo, ó gbé àwo, ó kọjá lára mánéjà bí ẹni kọjá lára òpó, ó sì gbé e lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ méjèèjì, lábẹ́ àgbọ̀n gan-an.

“Ẹ dì í mú. Ẹ má mì.”

“Kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?” mánéjà bèèrè.

“Mo ti ṣe tèmi tán. Páálí yín kò ní ìpẹ́ tó dáa mọ́, mi ò sì ní to àwo mìíràn. Eléyìí náà ti ń rì.”

“Òótọ́ ni, Ọ̀gá,” oníkámẹ́rà wí, ojú rẹ̀ wà lẹ́nu kámẹ́rà. “Apá òsì ti ń lọ. Àwọn atẹ̀wé sì ń retí wa lónìí. Ẹni tó máa wọ orí, kó tètè wọ̀ ọ́.”

“Ta ló wá máa wọ̀ ọ́?” mánéjà bèèrè.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wo àtíkè ojú rẹ̀.

“Ẹ ṣáà ní inú ibẹ̀ ló dùn,” bàbá wí jẹ́jẹ́.

Mánéjà wọ̀ ọ́.

“Ooru ń mú níbí o!” ni ohùn ń ké láti inú rẹ̀.

“Ó máa mọ́ yín lára,” bàbá wí. Ṣùgbọ́n ojú tirẹ̀ le koko bíi ti ẹni tí wọ́n gbé lọ sílé ẹjọ́.

“Bàbá mi,” Atoúnjẹ ní, “ẹ rántí ọmọ tó fa ìrù yín já, tó gbé e sá lọ?”

Bàbá fi gbogbo ojú rẹ́rìn-ín. Kámẹ́rà ṣẹ́jú. Kò pẹ́ sí i, ìpẹ́ rì.

Atoúnjẹ fọ ẹ̀mú rẹ̀, ó nù ún, ó dá a padà sínú àpò rẹ̀. Ó wá gbá gbogbo ìpẹ́ tó ti jù nù jọ sínú àpò ńlá kan, kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù.

“Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?” oníkámẹ́rà bèèrè.

“Aládùúgbò wa ń sin pẹ́pẹ́yẹ.”

Lẹ́nu ọ̀nà, bàbá dúró. “Ṣé wọn ò ní gé mi kúrò nínú fọ́tò náà tá a bá lọ?”

“Abẹ́ àgbọ̀n yín ni àwo wà. Ẹni tó bá gé yín ti gé àwo. Kí ló wá fẹ́ tà?”

Bàbá rò ó wò, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé e kọ́ èjìká.

“Ẹ bá mi fà á yọ!” mánéjà ń pariwo nínú orí pẹ́pẹ́yẹ lẹ́yìn wọn.

Wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

“Ṣúgà ara ẹ̀ ńkọ́?” bàbá bèèrè. “Kò dáa fún ẹyẹ.”

“A ó kọ́kọ́ fi omi ṣàn án.”