Kílọ́ọ̀ṣì Dókítà Eléyín

Kí ọkọ̀ pupa náà tó yọ lójú títì ni gbogbo àdúgbò ti mọ̀ pé ó ń bọ̀. Páànù orí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ń gbọ̀n, nọ́ọ̀tù inú agolo ń ta bí àgbàdo nínú ìkòkò gbígbóná, aago ara ògiri tó ti kú láti ọdún mẹ́ta sì jí, ó ka ìṣẹ́jú méjì, ó tún kú padà.

"Dókítà Eléyín nìyẹn," ni Ọwọ́-Irin wí lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù tó ń tú.

Bàbá, mẹkáníìkì tó ni ṣọ́ọ̀bù, ló bí Ọwọ́-Irin, obìnrin ni. Ó ti pé ọgbọ̀n ọdún, abẹ́ mọ́tò ló sì ti lo ìdajì rẹ̀. Ọjọ́ tó tú nọ́ọ̀tù kan tí ọkùnrin márùn-ún àti màlúù kan ti fà tì ni orúkọ yẹn lẹ̀ mọ́ ọn lára. Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó rí màlúù ọ̀hún, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ó wà níbẹ̀.

Dókítà sọ̀ kalẹ̀, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa yọ eyín fún àwọn ènìyàn jẹ́jẹ́. Àmọ́ bó bá ti di ìparí oṣù, orí pápá ló máa ń lọ fi ọkọ̀ sáré ìje. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ra kílọ́ọ̀ṣì tuntun, ohun tó ń so ẹ́ńjìnnì pọ̀ mọ́ gíà, irú ti àwọn asáré, tó ní páléètì méjì. Ọwọ́-Irin ló bá a dè é.

"Ọwọ́-Irin, o pa mí o! Bí mo bá ti fẹ́ gbéra ní gíà kìíní, gìdìgìdì, gìdìgìdì! Mo gbé aláìsàn kan lánàá. Eyín tó ní kí n bá òun yọ, ká tó débi iṣẹ́ ló ti bọ́ fúnra ẹ̀!"

"Ṣé ẹ ò ní í dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ni, Dókítà? Mo ti dín iṣẹ́ yín kù."

Bàbá dìde lórí àga rẹ̀. "Kò sọ́rọ̀ ẹ̀rín níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí ọkọ̀ yìí wá síbí láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bó bá tún gbọ̀n lẹ́yìn òní, mo máa ránṣẹ́ pe Onígíà tó wà lódìkejì ìlú. Òun láá máa ṣe gíábọ́ọ̀sì nínú ọgbà yìí. Ìwọ, wàá padà sídìí táyà."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ọwọ́-Irin lára ju abẹ́rẹ́ lọ. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà kí Bàbá tó gbà kó dá gíábọ́ọ̀sì kan tì pa, oṣù mẹ́ta péré ló sì tíì fi ṣe é. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó hàn lójú.

"Bàbá mi, ẹ jókòó. Kó tó dìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ yìí á máa gbéra bí ológbò tó fẹ́ jí ẹja."

Ó wọnú ọkọ̀, ó ṣí iná sí i, ó fi gíà sílẹ̀ lófìfo. Ta-ta-ta-ta-ta! Ó wá tẹ pẹ́dà kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀. Kẹ́kẹ́ pa.

"Ohùn méjì ni ọkọ̀ yìí ń fọ̀," ó wí. "Èyí kì í ṣe àìsàn. Kílọ́ọ̀ṣì asáré le, eyín gíà ló ń gbá ara wọn nígbà tí kò sẹ́rù lórí wọn, bí orogún méjì tí kò ríṣẹ́ ṣe. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Ẹ̀yin lẹ ní ti asáré lẹ fẹ́."

Ó wá ki gíà kìíní bọ̀ ọ́, ó rọra ń gbé ẹsẹ̀. Gìdìgìdì! Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fò bí ẹni tí ìjàlọ wọ ṣòkòtò rẹ̀.

"Èyí gan-an ni àìsàn."

Ó wo síìtì ẹ́ńjìnnì, rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé, kò já. Ó fa bọ́ọ̀tù gíábọ́ọ̀sì lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn le dáadáa. Irin róbótó tí páléètì ń gbá mú lára ẹ́ńjìnnì, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ fá kó tó dè é; ó tẹ́jú tó bẹ́ẹ̀ tí eṣinṣin méjì fi yọ̀ ṣubú lórí ẹ̀. Ó ku inú. Ó gbé jáàkì sábẹ́, ó sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀.

Nígbà tó ṣí i, ó tẹ orí sún mọ́ ọn, ó tún wò ó.

Ìdí eyín ọ̀pá gíà, òun fi gírísì tó tó hóró àgbàdo kan síbẹ̀. Èyí tó bá níbẹ̀ báyìí tó láti fi wẹ erin méjì. Bí ẹ́ńjìnnì ti ń yí ló ti ń fọ́n ọn ká, ó sì ti ta sára páléètì. Ní etí páléètì kan, ojú àtàǹpàkò ẹnìkan yà síbẹ̀ gbàǹgbà, pẹ̀lú àpá tó dábùú rẹ̀. Kò sí ẹlòmíì tó ní irú àpá yẹn. Fáànù ẹ́ńjìnnì ló fi sọ́wọ́ Bàbá.

Ó rántí. Lọ́jọ́ tó ń de kílọ́ọ̀ṣì náà, ó fi páléètì sórí tábìlì, ó lọ jẹun. Bàbá wà nídìí tábìlì. Ìdílé wọn sì ní òfin kan tí bàbá tó bí Bàbá fi lé e lọ́wọ́: irin kì í wọlé ní gbígbẹ. Bàbá a máa fi gírísì pa ilẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́, síìpù báàgì. Wọ́n ní bí ẹ bá fún un ní ṣíbí, á kọ́kọ́ pa á kó tó jẹun.

Bí Ọwọ́-Irin bá nù ún tó dákẹ́, Bàbá á tún fi gírísì pa òmíràn. Bó bá sì pariwo ẹ̀ lójú oníbàárà, ó ti tú bàbá rẹ̀ síhòòhò. Ó ní kí Dókítà sáré lọ ra oògùn ìfọ̀ bíréèkì lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní ìsàlẹ̀ títì. Dókítà ò tíì rìn jìnnà tí Ọwọ́-Irin fi pe Bàbá:

"Bàbá mi, ẹ wá wo nǹkan."

Bàbá wo páléètì, ó wo àtàǹpàkò ara rẹ̀, ó wo òrùlé.

"Mo kàn fi díẹ̀ pa á ni. Kó má dípẹtà."

"Díẹ̀ yín yìí, Bàbá, ó tó dín odidi màlúù."

"Irin kì í wọlé ní gbígbẹ! Bàbá mi ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Òótọ́ ni wọ́n sọ. Irin tó ń yí lórí ara wọn ni wọ́n ń bá wí. Èyí, dídi-mú niṣẹ́ tiẹ̀. Ta ló ń fi òróró pa àtẹ́lẹsẹ̀ kó tó gun òkè? Á di mú, á yọ̀, á tún di mú, á tún yọ̀. Gìdìgìdì tí Dókítà ń gbọ́ nìyẹn."

Bàbá fi ìka fa ibi tó gbẹ lára páléètì, ìka dúró. Ó fà á níbi tí gírísì wà, ó yọ̀ fìrì. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó wúkọ́.

"O fẹ́ sọ fún un?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo jẹun dé, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó tì í pa. Tèmi náà ń bẹ níbẹ̀."

Bí Dókítà ṣe dé, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Orí ló kó wọn yọ: amọ̀ sísun àti irin ni wọ́n fi ṣe ojú páléètì yẹn; ká ní irú èyí tó rọ̀ ni, gírísì ìbá ti mu wọnú rẹ̀, jíjù nù ló kù. Ọwọ́-Irin fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó fi pépà oníyanrìn ha á, ó nu irin róbótó náà títí Dókítà fi rí ojú ara rẹ̀ níbẹ̀ tó sì tún irun ṣe. Ó fi gírísì hóró àgbàdo kan sídìí eyín ọ̀pá, ó tì í pa.

"Dókítà, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ẹ máa rọra wà á láàárín ìlú kí ojú páléètì àti ti irin lè mọ ara wọn. Ìparí oṣù ṣì jìn."

"Mú kọ́kọ́rọ́ wá," ni Bàbá wí.

Òun fúnra rẹ̀ ló jókòó sídìí ọkọ̀. Ó gbéra ní gíà kìíní, kò sí gìdìgìdì. Ó gun òkè tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù dé ìdajì, ó dúró níbi tó le jù láti gùn, ó tún gbéra. Ọkọ̀ lọ wẹ́rẹ́. Ó yí padà wá bá Dókítà.

"Dókítà, èmi ni mo fi gírísì ba kílọ́ọ̀ṣì yín jẹ́. Ọmọ mi ló rí i. Ẹ má bínú."

Dókítà la ẹnu sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yọ eyín ẹ̀. Kó tó pa á dé, Bàbá ti tún gbéra. Ó tún dúró láàárín òkè, ó tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀, ó yọ orí jáde.

"Ọwọ́-Irin! Wá gbọ́ nǹkan!"

Dókítà di orí mú. Ọwọ́-Irin gun òkè lọ bá a, kò yára, ó tẹ́tí sí ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn.

"Kí lẹ ní kí n gbọ́, Bàbá? Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Ohun tí mo ní kó o wá gbọ́ nìyẹn. Wọlé, jẹ́ á lọ. Gíábọ́ọ̀sì ọkọ̀ akẹ́rù yẹn ń dúró dè ẹ́, Onígíà ò ní í bá ẹ tú u."