Irin Orí Òpó

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, sà," ni Fẹ́rànmí wí sínú kọ̀ǹpútà. "Kò sẹ́ni tó mọ iye epo tó wà lábẹ́ òkun yẹn."

Ìsinmi ló gbé e wá sílé ìyá rẹ̀ ní Kábà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ò mọ ìsinmi. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló jókòó sí, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára díẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Bámigbóyè, wà ní Port Harcourt. Wọ́n fẹ́ kọ́ ibùdó ìwa-epo sórí òkun. Kànga mẹ́ta ni wọ́n ti gbẹ́ dánwò, ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì sọ. Ọ̀gá ní kí wọ́n kọ́ ńlá lẹ́ẹ̀kan náà. Fẹ́rànmí ní kí wọ́n kọ́ kékeré tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lágbára, kí wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀rọ mìíràn bí epo bá pọ̀. Bí wọ́n bá kọ́ ńlá tí epo wá kéré, ilé-iṣẹ́ á pa ibẹ̀ tì, òun àti àwọn òṣìṣẹ́ mọ́kànlá tó ń darí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wáṣẹ́ kiri.

"Mo ti fi àyè sílẹ̀ rí," ni ọ̀gá wí. "Ìgbà tá a máa padà dé ibẹ̀, iyọ̀ ti jẹ gbogbo irin. Bó ò bá ní èsì sí ìyẹn, ńlá ni màá fọwọ́ sí lọ́sàn-án yìí."

Ó pa kọ̀ǹpútà dé, inú ń bí i, àfi bí ẹni pé ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló da iyọ̀ sínú òkun. Bó ṣe jáde síta, ìyá rẹ̀ ló rí lórí àkàbà, Màmá Martha, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin.

"Ìyá! Kí lẹ ń wá lókè?"

"Okun o, ọmọ mi," ni ó kí i bí àwọn ará Kábà ṣe ń kíni. "Irin ni mò ń kùn."

Bàbá Fẹ́rànmí ló yọ irin sílẹ̀ lórí òpó ilé náà, nítorí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó fẹ́ kọ́. Ó kú kó tó kọ́ ọ. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá, Fẹ́rànmí ò sì bojú wo irin náà rí. Agolo sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fomi pò ló wà lọ́wọ́ Màmá.

"Lọ́dọọdún, kí òjò tó dé, mo máa ń kùn ún, màá sì fi ọ̀rá wé e. Isaiah tó wà lọ́ọ̀kán yẹn fi tiẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ọmọ ẹ̀ ní kí wọ́n gbé òkè lé ilé, bíríkìlà tẹ irin báyìí, ó ṣẹ́! Òpó ni wọ́n fọ́ tún kọ́."

"Ẹ ṣì fẹ́ kọ́ òkè?"

"Mo mọ̀ ni? Bó o bá bí mẹ́fà, màá kọ́ ọ. Bó ò bá bí, ìsàlẹ̀ tó mi."

Fẹ́rànmí rẹ́rìn-ín, àfi bí ẹ̀rín ṣe dá mọ́ ọn lẹ́nu. Nínú gbogbo ètò tó kọ, kò sí ibi tó ti sọ ẹni tí yóò máa tọ́jú àyè tó fẹ́ fi sílẹ̀ lórí òkun. Ó sáré wọlé, ó tẹ ojú ìwé méjì, ó sì pe ọ̀gá.

"A ó máa kun irin àyè náà lọ́dọọdún, sà, a ó máa bò ó, a ó sì máa yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀."

"Gbogbo èèyàn ló ń kọ bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò ṣe é?"

"Èmi ni, sà. Ẹ kọ orúkọ mi síwájú ẹ̀."

Bámigbóyè ní, "Ó dáa. Fi kékeré náà ránṣẹ́, màá fọwọ́ sí i."

Inú Fẹ́rànmí dùn. Ó fi ètò náà ránṣẹ́, ó bọ́ bàtà, ó sì jáde.

"Ìyá, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ó ku mélòó?"

"Mẹ́rìnlá. O mọ̀ ọ́n kùn?"

"N ò mọ̀ ọ́n. Ẹ máa kọ́ mi." Ó gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó sì gun àkàbà.