Iṣu Ewúrẹ́

Lọ́dún tí owó oṣù tíṣà dáwọ́ dúró, tẹ́nì kan bá fẹ́ ra iṣu tó ti ń jẹrà ní owó pọ́ọ́kú l'Ọ́jà Ọba, Àkúrẹ́, á ní ewúrẹ́ lòun ń rà á fún. Oníṣu mọ̀ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ yẹn ló ń bo àṣírí.

Bẹ́ẹ̀ ni Tíṣà Wúrà ṣe ń sọ, títí oníṣu fi fi í ṣẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́ kan.

“Tíṣà, ewúrẹ́ yín mà lójú kòkòrò o. Ìgbà wo lẹ máa pa á?”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ìyá Gbémiga, tí òun àti Wúrà jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, wà lẹ́yìn rẹ̀. Ojú ti Wúrà, ó fẹ́ máa lọ, àmọ́ kí làwọn ọmọ máa jẹ?

“Mi ò sin ewúrẹ́,” ó wí. “Èmi àtàwọn ọmọ mi la fẹ́ jẹ ẹ́. Màá gé ibi tó bàjẹ́ dànù, màá fi ìyókù se àsáró. Ẹ fi èènì sí i.”

“Ẹ tún ń gba èènì lórí iṣu jíjẹrà?”

“Ṣebí owó ni mo fi ń rà á.”

Oníṣu fi ọ̀kan lé e.

Ìyá Gbémiga sún mọ́ wọn. “Ẹ ṣa tèmi náà,” ó wí, kò rẹ ohùn sílẹ̀. “A ò ní ewúrẹ́ nílé àwa náà.”