Ta Ni Yóò Jogún Kọ́pọ́rà Taoheed?

Ọjọ́ méje péré ni wọ́n fún mi pé kí n fi sinmi kí n tó padà sí Borno, mo sì lo mẹ́rin nínú rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ báńkì. Ìjókòó ló pọ̀ jù níbẹ̀: mo jókòó sórí àga onírin, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ mi lórí, ọmọbìnrin kan sì ń sọ fún mi pé kí n ní sùúrù. Èmi tí mo ti dùbúlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ fún ọjọ́ méjì láìmira, àwọn ọmọ báńkì ló wá fẹ́ kọ́ mi ní sùúrù.

Ohun tí mò ń wá kò le. Orúkọ mi ni Taoheed Oyèníran, kọ́pọ́rà ni mí nínú iṣẹ́ ológun. Mi ò tíì gbéyàwó, bàbá mi ti kú, ìyá mi nìkan ló wà nílé wa ní Mushin. Àrùn ojú kan ń bá ìyá mi jà, irú èyí tí kì í dunni, tó kàn ń jẹ ìríran ẹni lọ díẹ̀díẹ̀. Oògùn kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa kán sójú láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí oògùn náà bá já, ojú á máa lọ, èyí tó bá sì ti lọ kì í padà. Mo wá ń wá ibi tí màá kó owó oṣù mi sí, tí wọ́n á máa yọ owó oògùn fún un lóṣooṣù láìbi mí ní ìbéèrè kankan, nítorí níbi tí mò ń lọ, kò sẹ́ni tó máa rí mi bi.

Ẹ má rò pé àṣejù ni. Lọ́dún tó kọjá, báńkì tí mò ń lò ní Surulere rí i pé mo gba owó ní Maiduguri lọ́jọ́ kan, wọ́n ní ó jọ iṣẹ́ olè, wọ́n bá ti akáǹtì mi pa. Wọ́n fi nọ́ńbà àṣírí ránṣẹ́ sórí fóònù mi pé kí n tẹ̀ ẹ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Fóònù mi wà nínú àpótí ọ̀gá wa, nítorí wọ́n máa ń gba fóònù lọ́wọ́ wa ká tó wọ igbó. Èmi fúnra mi wà nínú igbó, oṣù mẹ́rin ni mo sì lò níbẹ̀. Nígbà tí mo jáde tí mo pè wọ́n, wọ́n ní kí n lọ sí ẹ̀ka tó sún mọ́ mi jù. Ẹ̀ka tó sún mọ́ mi jù, wọ́n ti dáná sun ún, àtilẹ̀kùn àtòrùlé. Kí n tó yanjú ọ̀rọ̀ náà, ojú òsì ìyá mi ti lọ. Kò sọ fún mi lórí fóònù. Ìgbà tí mo délé, tí mo na ife omi sí i láti apá òsì, tí kò mọ̀ pé mo na nǹkan, ni mo tó mọ̀. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló kó sẹ́nu.

Ojú ọ̀tún nìkan ló kù. Mo búra pé báńkì kankan ò ní gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo dán báńkì orí fóònù wò, nítorí gbogbo ará ilé wa ló ń lò ó. Ó ní kí n gbójú sókè, kí n rẹ́rìn-ín, kí n ṣẹ́jú. Mo ṣẹ́jú títí omi fi ń bọ́ lójú mi. Ó ní òun ò dá mi mọ̀. Àwòrán mi tó wà lọ́wọ́ ìjọba, ìgbà tí mo ṣì ní irun àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni wọ́n yà á, kí oòrùn àti ebi tó tún mi ṣe. Ẹni tí mo pè níbẹ̀ sọ pé bí mo bá ti pààrọ̀ fóònù, ó di dandan kí n tún wá ṣẹ́jú fún wọn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo pa á rẹ́ kúrò lórí fóònù mi.

Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀, Sábó ni mo lò ó sí, ní báńkì ńlá kan tí ilẹ̀ rẹ̀ ń dán bíi pé èèyàn ò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́. Lucy ni orúkọ ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn. Ó ní kí n mú ìwé iná wá, kí òun lè mọ ibi tí mò ń gbé. Mo ní bárékè ni mò ń gbé, ìwé iná kan ṣoṣo ló ń wá fún gbogbo wa, orúkọ mi kò sì sí lórí rẹ̀. Ó ní ó dáa, kí n sọ ibi tí màá wà fún ọdún kan tó ń bọ̀. Mo ní nínú igbó ni. Ó wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní kọ̀ǹpútà ń béèrè nọ́ńbà ilé àti orúkọ àdúgbò, àti pé wọ́n á rán ẹnìkan lọ wo ibẹ̀ kí wọ́n tó ṣí akáǹtì náà. Mo ní kí ẹni náà rántí dé akoto irin. Kò rẹ́rìn-ín. Èmi náà ò rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, ó tún ní kí n lọ mú ìwé iná wá.

Bí mo ṣe gbé ìbínú mi dé ọ́fíìsì ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn sójà nìyẹn lọ́jọ́ Jímọ̀. Yàrá kan ṣoṣo ni, ní Yaba, lórí òkè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta bàtà. Fáànù ló wà níbẹ̀, kò sí ẹ̀rọ amúlétutù, ọkàn mi sì balẹ̀ díẹ̀. Sájẹ́ǹtì Sylvester, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n nínú iṣẹ́ ológun, ni akọ̀wé. Purity, ọmọbìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́, jókòó síwájú pẹ̀lú fóònù ọ́fíìsì. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ mi dé ìdajì tí Sájẹ́ǹtì fi ń mi orí. Ó ní àwọn á ti yọ owó náà láti orísun kí owó oṣù mi tó dé báńkì kankan, àwọn á sì máa fi ránṣẹ́ sí ìyá mi ní gbogbo ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù. Kò ní sí nọ́ńbà àṣírí, kò ní sí ṣíṣẹ́jú. Ó ku díẹ̀ kí n dì mọ́ ọn.

Ó ní òfin kan ṣoṣo ló wà. Ẹni tí mo bá kọ orúkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹbí tó sún mọ́ mi jù, àwọn gbọ́dọ̀ pè é, kó sì fẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Ó ní ìyàwó méjì ló wá gba owó sójà kan nígbà kan rí, sójà náà kò sì fẹ́ ìkankan nínú wọn. Mo ní kò sí wàhálà. Mo ti gbọ́ nípa ìpè náà lẹ́nu àwọn sójà mìíràn, láàárọ̀ ọjọ́ náà ni mo sì ti sọ fún ìyá mi pé nọ́ńbà kan tí kò mọ̀ á pè é, kó sáà ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Òótọ́ ni pé ẹbí tó sún mọ́ni jù ni wọ́n kọ sórí fọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ l'Ékòó. Gbogbo wa mọ ohun tí wọ́n ń béèrè, bí a ṣe mọ̀ ọ́n náà ni Purity ṣe sọ ọ́. Ó tẹ fóònù kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Màmá, ẹ káàsán o. Ẹ̀yin lẹ máa jogún Kọ́pọ́rà Taoheed Oyèníran, àbí?"

Ariwo ọjà Tejuoso, níbi tí ìyá mi ti ń ránṣọ, ló kọ́kọ́ wọlé.

"Rárá," ni ìyá mi wí. "Mi ò bí ọmọ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ó gé fóònù. Nígbà tí Purity tún máa pè é, ó ti pa fóònù pátápátá.

Sájẹ́ǹtì Sylvester bọ́ awò ojú rẹ̀, ó gbé káàdì iṣẹ́ mi, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Ó wá rọra bi mí pé ta ni mí gan-an. Mo búra fún un, mo fi àwòrán ìyá mi hàn án, mo ní ìyá tó bí mi lọ́mọ nìyẹn. Ó ní òun gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n òfin ni òfin. Aago mẹ́ta ti lù. Aago mẹ́rin ni wọ́n ń tì, ó di ọjọ́ Ajé kí wọ́n tó tún ṣí, kí wọ́n sì tó ṣí lọ́jọ́ Ajé, mo ti wà nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Borno. Ó ní kí n wá ohùn ìyá mi wá kí aago mẹ́rin tó lù.

Mo sáré. Aṣọ iṣẹ́ wà lọ́rùn mi, sójà kì í sì í sáré l'Ékòó kí àwọn tó rí i dúró béèrè ìdí. Láti ọ́fíìsì wọn títí dé Tejuoso, bí mo ṣe ń sáré ni àwọn èèyàn ń sáré níwájú mi, obìnrin kan tiẹ̀ ti ń pa ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dé. Inú ń bí mi débi pé mi ò lè sọ fún un pé ìyá mi ni mò ń lé.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn ni ìyá mi máa ń jókòó sí pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, níbi tó ti ń pààrọ̀ sípù, tó sì ń gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò fún àwọn tó bá ra èyí tó gùn jù. Ó gbé ṣòkòtò kan sún mọ́ ojú ọ̀tún rẹ̀ gan-an, ó ń tú sípù. Kò gbójú sókè.

"Màámi, ẹ ní ẹ ò bí mi?"

"Jókòó."

Mo ní mi ò jókòó. Mo ní lójú àgbàlagbà, lójú ọmọbìnrin, ẹ sọ mí di ẹni tí kò níyàá. Ó já òwú.

"Ẹni tí mo bí wà láàyè," ó wí. "Ọmọ tí ìyá ń jogún, mi ò bí irú ẹ̀. Ọmọ ló ń jogún ìyá."

Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ń ro mí. Mo ní ìwé lásán ni, gbogbo sójà ló ń kọ ọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu kì í pààyàn. Ó ń gbọ́, ó ń tú sípù lọ. Aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ìbínú gbé mi, mo sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ. Mo bi í pé ṣé ó fẹ́ kí ọ̀tún náà lọ ni.

"Kó lọ," ó wí. "Bó o bá wọlé, màá fọwọ́ mọ̀ ọ́."

Ó wá gbé ṣòkòtò náà kalẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí mo ti wọ iṣẹ́ yìí, òun kì í gbé nọ́ńbà tí òun ò bá mọ̀, àyà òun á kàn máa já títí yóò fi dákẹ́. Ó ní ti òní, torí mo bẹ òun ni òun ṣe gbé e, ogún mi ni wọ́n sì fi kí òun. Ó ní òun ò rántí báńkì, òun ò rántí fọ́ọ̀mù, òun rò pé wọ́n ti pa mí ní Yaba níbẹ̀ yẹn. Sípù tó ti ń tú láti ìgbà tí mo dé ṣì wà lójú kan náà. Ìgbà yẹn ni mo tó rí i, àánú rẹ̀ ṣe mí, ojú sì tì mí.

Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo pe Sájẹ́ǹtì Sylvester fúnra rẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ ogún fún un. Ẹ bi í bí ẹ ṣe máa bi ìyá tó bí yín." Ó bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe ń pe ìyá mi. Mo gbé fóònù sáàárín èmi àti ìyá mi.

"Àlàájà Àmínát, ẹ kú iṣẹ́ o. Taoheed fẹ́ rìnrìn àjò. Ta ló máa bá a tọ́jú owó ẹ̀ títí yóò fi dé?"

"Èmi ni."

"Kí lẹ jẹ́ sí i, mà?"

"Èmi ni mo bí i. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo bí i sí, lọ́jọ́ Sátidé, òjò ń rọ̀."

Ó ní ó ti tó, òun dúpẹ́. Ìyá mi ní kò tíì tó. Ó bi í pé ṣé ó ti kọ 'títí yóò fi dé' yẹn síbẹ̀. Sájẹ́ǹtì ní kò sáyè fún ìyẹn nínú fọ́ọ̀mù. Ìyá mi ní kó kọ ọ́ sétí ìwé, pé kò sí ìwé tí kì í létí. Mo rò pé yóò bínú, nítorí àwọn sájẹ́ǹtì tí mo mọ̀ kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ aránṣọ. Ṣùgbọ́n a gbọ́ tó ń béèrè bírò lọ́wọ́ Purity. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó padà sórí fóònù, ó wá kà á jáde.

"Àmínát Oyèníran. Ìyá rẹ̀. Títí yóò fi dé."

Ìyá mi ní kó tún un kà, ó sì tún un kà. Lẹ́yìn náà ló tó dá fóònù mi padà fún mi, tó sì gbé ṣòkòtò rẹ̀.

"Owó oògùn ojú nìkan ni màá máa yọ níbẹ̀," ó wí, kò wojú mi. "Èyí tó kù, owó olówó ni. Mi ò lágbára àtimáa ṣọ́ owó olówó pẹ́. Tètè wá gbà á."