Ẹ Má Tíì Pa Ẹ̀rọ Náà

Ní ọdún 1998, ilé ìwòsàn kékeré kan wà ní òpópónà wa ní Ìṣẹ̀rí-Olófin. Dókítà Akínlẹ́yẹ ló ni ín. Ọmọ́wùnmí ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn. Òun ló rọ dókítà pé kí wọ́n fi káàdì sílẹ̀, kí wọ́n máa lo kọ̀ǹpútà. Ètò tí wọ́n ń pè ní Linux ló ń darí rẹ̀. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ọmọ́wùnmí wọ ilé mi láì kan ilẹ̀kùn.

“Bàbá Báyọ̀dé, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi.”

“Kí lo ṣe?”

“Mo fẹ́ fi sídì sọ gbogbo ètò inú ẹ̀rọ di tuntun. Mo yí orúkọ fáìlì àtijọ́ kan padà, kí tuntun lè ráyè wọlé. Látìgbà náà, kò sí àṣẹ tó ṣiṣẹ́ mọ́.”

Mo mọ fáìlì náà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ètò ló gbára lé e, títí kan èyí tí a sábà fi ń yí orúkọ fáìlì padà.

“Ṣé o pa ẹ̀rọ náà?”

“Rárá, sà.”

“Jẹ́ ká lọ.”

Ní ilé ìwòsàn, a bá dókítà níbi tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí, ọwọ́ rẹ̀ wà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì iná.

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí n pa á, kí n tún un tàn. Bí tẹlifíṣọ̀n mi náà ṣe máa ń ṣe nìyẹn.”

“Ẹ má tíì pa á. Tí ẹ bá pa á, kò ní dìde.”

“Ṣebí mo sọ pé káàdì kì í kú! Tí àkọsílẹ̀ yẹn bá sọnù, kí Ọmọ́wùnmí máa lọ sílé ni.”

Dókítà yọwọ́.

Mo jókòó. Ètò tó ń gba àṣẹ ti ka fáìlì náà sínú kí orúkọ rẹ̀ tó yí padà, kò kú. Ètò kékeré kan tún wà tí kì í gbára lé fáìlì kankan. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó fún fáìlì ní orúkọ mìíràn.

“Orúkọ wo lo yí i sí?”

Ó na ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ sí mi. Ó ti fi bírò kọ ọ́ síbẹ̀. Òógùn ti fẹ́ẹ̀ pa á rẹ́, àmọ́ ó ṣeé kà.

Mo fi ètò kékeré náà dá orúkọ àtijọ́ padà fún fáìlì náà. Mo ní kí Ọmọ́wùnmí tẹ àṣẹ kan. Orúkọ àwọn fáìlì tò sójú kọ̀ǹpútà.

Dókítà mí kanlẹ̀. “Kó má fọwọ́ kan nǹkan tuntun mọ́, jàre.”

“Òun ni yóò parí rẹ̀. Lónìí.”

“Ṣé ẹ̀yin lẹ dúró fún un?”

“Mo dúró.”

A kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ náà sínú dísíkì. Ọmọ́wùnmí wá fi fáìlì tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtijọ́, kò mú èyíkéyìí kúrò. Ó ń kó ètò kọ̀ọ̀kan wọlé, ó ń dán an wò kó tó mú òmíràn. Mi ò bá a fọwọ́ kàn án.

Nígbà tó di aago mẹ́ta ọ̀sán, ó ṣí àkọsílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ó yọjú síta, ó pe aláìsàn tó kàn.