Ìsinmi Ọ̀sẹ̀ Méjì

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé," ni ìyá òyìnbó kan wí. Ẹ̀yìn Vernetta Gaskins, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó jókòó níwájú rẹ̀, ló ń wò.

"Èmi náà nìyí, mà."

"Rárá o, ẹni tó mọ̀wé gan-an ni mò ń wí."

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí Vernetta ti ń ṣiṣẹ́ nílé ìkàwé yìí, ní Milwaukee nílùú òyìnbó. Tẹ́lẹ̀, irú ọ̀rọ̀ báyìí a máa ká a lára dalẹ́. Lọ́jọ́ yìí, bí ìgbà tí wọ́n bá gún èèyàn lábẹ́rẹ́ kí wọ́n tó yọ ọ́ léyín ló rí: ó gbọ́, kò dùn ún. Ó nawọ́ sí Paige, òyìnbó tóun fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́ lọ́dún tó kọjá. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó kọjá sọ́hùn-ún.

Lọ́sàn-án, ọ̀gá wọn, Meredith, ránṣẹ́ pè é.

"Vernetta, Ọjọ́bọ̀ nìpàdé wa lórí ìtọ́jú ara ẹni. Ìwọ lo máa sọ̀rọ̀ lórí bí òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú ṣe lè máa sinmi."

"Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ mi ti ru kọjá ààlà. Mo ti kọ̀wé sí yín fún ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì."

"Tí ìpàdé bá parí. Ta la tún fẹ́ pè? Ìwọ nìkan la ní."

"Ipò igbákejì yín tí mo béèrè ńkọ́?"

Meredith rẹ ohùn sílẹ̀. "Paige la fún. Má bínú, ọ̀rẹ́ mi. A rí i pé ó ti ń rẹ̀ ọ́."

Vernetta ní kò burú. Ó padà lọ to ìwé àwọn ọmọdé. Kò sunkún.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó dúró níwájú òyìnbó mọ́kànlélógójì. "Ẹ dijú," ó wí. "Ẹ mí kanlẹ̀. Ẹ dẹ èjìká." Ìwé bọ́ lọ́wọ́ òsì rẹ̀, kò mọ̀. Ó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tó kàn, ahọ́n rẹ̀ kọ̀. Ó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Gbogbo wọn ṣì dijú, wọ́n ń mí. Ó pẹ́ kí ẹnì kan tó lajú.

Lọ́jọ́ kẹfà lẹ́yìn ìpàdé náà, ní ọsibítù, àbúrò rẹ̀, Odessa, ka lẹ́tà kan sí i létí. Wọ́n ti fọwọ́ sí ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì náà. Ó ti bẹ̀rẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀. Meredith fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé àwọn gbádùn ọ̀rọ̀ náà púpọ̀, ṣé ó lè fi ìyókù ránṣẹ́ kí Paige bá a kà á parí?

"Kí ni kí n sọ fún wọn, ẹ̀gbọ́n?"

Vernetta la ẹnu; ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ṣí. Odessa gbé etí sún mọ́ ọn, ó tẹ́tí títí, kò gbọ́ nǹkan kan tó yé e.