Ẹja Tí Wọ́n Ní Kó Dá Padà

Láti ìgbà tí Làsísì ti fẹ̀yìn tì nílé iṣẹ́ oníke tó wà ní Ìlúpéjú, ilé rẹ̀ ní Agége kò gbà á mọ́. Á jókòó, á dìde, á máa tún ilẹ̀kùn tí kò bàjẹ́ ṣe. Á bá Sùlíyá, ìyàwó rẹ̀, ṣe gbólóhùn asọ̀ nítorí ibi tó gbé ìkòkò sí. Nígbà tó sú obìnrin náà, ó pe ọmọ wọn, Adébísọ́lá, tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì kan ní Opebi.

"Wá mú bàbá rẹ jáde o, kí n ráyè mí."

Ọmọ náà dé ní àárọ̀ Sátidé, ó ní òun fẹ́ gbé wọn lọ sí páàkì.

"Páàkì kẹ̀? Níbo la fẹ́ wọkọ̀ lọ?"

"Kì í ṣe páàkì ọkọ̀, Dádì. Ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba ni, etí odò ló wà. Ẹ máa gbádùn ẹ̀."

Ọgbà náà tóbi lóòótọ́. Àwọn kan ń gun kẹ̀kẹ́ kiri, àwọn kan tẹ́ ẹní sábẹ́ igi, wọ́n ń jẹun. Lórí omi, àwọn ọ̀dọ́ tó wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì ń wa ọkọ̀ kéékèèké, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Làsísì wo gbogbo ẹ̀, kò rí èyí tó kàn án, àfi ìgbà tó rí pèpéle onípákó kan tó yọ sórí omi, níbi táwọn èèyàn ti ń fi ìwọ̀ pẹja. Ó dúró.

Ọmọ Èjìnrìn ni. Apẹja ni bàbá rẹ̀, òun náà sì ti mọ ìwọ̀ í jù kó tó mọ̀wé í kà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti wọ Èkó, ẹja yìnyín ló ń jẹ.

Adébísọ́lá gba ọ̀pá ìwọ̀ kan fún un, òun àti ìyá rẹ̀ sì lọ wọ ọkọ̀ ojú omi. Làsísì fi ekòló sẹ́nu ìwọ̀, ó jù ú sómi. Ara rẹ̀ wálẹ̀. Oòrùn ti ń mú dáadáa kí okùn tó fà. Ó dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó fà á, ó tún dẹ̀ ẹ́, títí àrọ̀ ńlá kan fi balẹ̀ sórí pákó, tó ń ju ìrù. Àwọn èèyàn hó yèè. Ọmọge kan yà á ní fọ́tò. Sùlíyá, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, sáré dé.

"Bàbá Bísọ́lá! Ọbẹ̀ òní ti dé nìyẹn!"

Ìgbà náà ni Tìjání, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà, sún mọ́ wọn, ó tẹ̀ ba.

"Ẹ kú oríire, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá a padà."

"Padà síbo?"

"Sínú odò, sà. Òfin ibí ni. Eré la fi í ṣe, a kì í gbé e lọ."

Làsísì kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Ó wo ojú Tìjání, kò rí ẹ̀rín níbẹ̀.

"Mo firin gún un lẹ́nu, mo wọ́ ọ jáde nínú omi, o wá ní eré ni? Bàbá mi pẹja títí wọ́n fi kú, wọn ò fi ẹyọ kan ṣeré rí. Ohun téèyàn ò ní jẹ, kì í dá a lóró."

"Òótọ́ lẹ sọ, bàbá. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ẹni tó wá bá ń gbé tiẹ̀ lọ, odò á ṣófo."

Ọ̀rọ̀ yẹn náà kò ṣeé já ní koro. Làsísì wo ẹja náà lórí pákó. Adébísọ́lá rọra fà á lápá.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn èèyàn ń wò wá."

"Jẹ́ kí wọ́n wò."

Ó kúnlẹ̀ létí pákó, ó fìka yọ ìwọ̀ náà jẹ́jẹ́. Kò ju ẹja náà sómi. Ó rì í bọ omi ni, ó dì í mú níbẹ̀ títí ó fi ta pútú lọ́wọ́ rẹ̀, kó tó tú u sílẹ̀. Ó ṣan ọwọ́, ó gbé ọ̀pá fún Tìjání.

"O ṣé. Ó tó mi."

Bí wọ́n ṣe ń lọ sílé, kò sọ̀rọ̀. Sùlíyá rò pé inú ló ń bí i. Kì í ṣe ìyẹn. Ohun tó ń rò ni pé ọwọ́ òun kò tíì gbàgbé. Nígbà tí wọ́n délé, ó pe Shuaib, àbúrò rẹ̀, ní Èjìnrìn.

"Ẹ̀gbọ́n!" Ẹ̀rù ba Shuaib. "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Ṣé o ṣì ń lọ sódò?"

"Kí ni ǹ bá máa ṣe?"

"Mo ń bọ̀ wá bá ọ."

Ó lọ, ó sì pẹ́ níbẹ̀ ju iye ọjọ́ tó sọ fún Sùlíyá lọ. Ẹja tí wọ́n rí pa kò tó nǹkan. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó, ẹ̀yìn dùn ún, Shuaib sì fi í rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tó dé, Adébísọ́lá bi í bóyá kí àwọn tún lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ ní Sátidé.

"Mú ìyá rẹ lọ," ó ní. "Ó fẹ́ràn ọkọ̀ ojú omi yẹn. Èmi á ti wà ní Èjìnrìn."